Ilẹ̀ Tí Kò Jìn: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Jíjìn Ilẹ̀ Ṣáájú Òjò àti Ajílẹ̀ Nínú Ètò Pápá Ìjẹko ní Afijio

Bí wọ́n bá ń yan ilẹ̀ fún pápá ìjẹko, iye òjò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ètò náà dorí kodò. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni bí gbòǹgbò ṣe lè lọ jìnnà tó kí ó tó kan àpáta tàbí yangí, àti irú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ níbi tí ó ti dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kan Akínmọ̀ọ́rìn, Ìlọrà, Fìdítì àti àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gidigidi, nítorí pé ààlà igbó àti ọ̀dàn ni wọ́n wà. Òjò wọn tó nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ́dún, koríko sì ń hù níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá wo òjò nìkan á sọ pé kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n níbi tí yangí bá ti sún mọ́ òkè, koríko a máa gbẹ nígbà tí ti àfonífojì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló rọ̀ sórí àwọn méjèèjì.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù ni ilẹ̀ tínrín orí òkúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì, ní àwọn ilẹ̀ tí òjò kò ti pọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní Kalambaina lẹ́bàá Sókótó, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí àwọn Fúlàní sì ti ń da màlúù àti ewúrẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òkè pẹrẹsẹ Edwards Plateau ní Texas ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìwà ilẹ̀ méjèèjì jọra: erùpẹ̀ wọn tínrín, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹfun sì mú kí fósíforọ́ọ̀sì, irin àti síńkì ṣòro fún ewéko láti rí gbà. Nínú ètò tí àgbáyé fi ń to irú ilẹ̀, ilẹ̀ tí àpáta rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ sí òkè ní orúkọ tirẹ̀, Leptosol, yálà òkúta ẹfun ni àpáta náà tàbí òmíràn. Èyí já sí pé jíjìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a mọ̀, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀.

Kò sí òkúta ẹfun ní Afijio. Èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Ewékorò, Ṣágámù àti Ìbẹ̀ṣè, níbi tí òjò àti igbó pọ̀ sí. Àpáta líle àtayébáyé ni Afijio jókòó lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Smyth àti Montgomery ṣe ìwé wọn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1962, wọ́n fi orúkọ ìlú pe oríṣiríṣi ilẹ̀: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Gàmbàrí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó ohun tí iṣẹ́ wọn kọ́ wa ni pé lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo, láti orí òkè dé etí odò, ilẹ̀ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tí wọ́n pè ní Gàmbàrí, yangí tó ti dì gbagidi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ilẹ̀ tiwa ti burú ju ti òkúta ẹfun lọ. Òkúta ẹfun a máa sán, omi òjò a máa jẹ ẹ́, gbòǹgbò igi a sì gba ojú sísán náà wọlẹ̀. Ní Texas, wọ́n ti rí gbòǹgbò igi nínú ihò abẹ́ òkúta tó jìn ju mítà 10 lọ. Yangí tó dì kì í sábà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gbòǹgbò tó bá kàn án á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó bá kàn án á ṣàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn díẹ̀ lè tọ́jú omi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá jíjìn rẹ̀ fún ewéko. Bí erùpẹ̀ bá jìn tó mítà kan, ó tọ́jú 100 mìlímítà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 péré, 25 mìlímítà ni. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá sì gba ìdajì rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tó 13. Koríko tó ń hù dáadáa lábẹ́ oòrùn wa lè lo nǹkan bíi mìlímítà 4 lóòjọ́. Nítorí náà, bí òjò bá dá, omi ilẹ̀ àkọ́kọ́ lè tó ọjọ́ 25, ti ìkejì ọjọ́ 6, ti ìkẹta ọjọ́ 3. Ọ̀dá àárín oṣù Kẹjọ a sì máa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ dáadáa. Lójú koríko tó wà lórí yangí, Sókótó ló wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Akínmọ̀ọ́rìn la gbìn ín sí.

Àwọn kan á ní òjò Sókótó kò ju nǹkan bí ìdajì tiwa lọ, àti pé a kò lè fi wọ́n wéra. Òótọ́ ni pé òjò tiwa pọ̀ ju tibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n agbè kékeré kì í gbomi ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ inú odò ni wọ́n rì í bọ̀. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ tínrín ti mumi yó, ọ̀gbàrá ni yóò dà. Òjò púpọ̀ tilẹ̀ lè pa á lára ju òjò díẹ̀ lọ, torí pé bí ọ̀gbàrá bá wọ́ sẹ̀ǹtímítà kan lọ lórí ilẹ̀ tó jìn tó mítà kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó pàdánù. Lórí ilẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 25, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn mìíràn á ní ajílẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀. A kò lè sọ pé kò wúlò, nítorí ilẹ̀ wa náà a máa di fósíforọ́ọ̀sì mú, irin àti alumíníọ̀mù ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹfun ń ṣe ní Kalambaina. Àmọ́ inú omi ni oúnjẹ ń gbà dé gbòǹgbò. Ajílẹ̀ á mú kí ewé pọ̀, ewé púpọ̀ á tètè fa ìwọ̀nba omi náà tán, ọ̀gbẹlẹ̀ á sì bá koríko náà kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó sọ pé ẹran àti iná ló ba ilẹ̀ jẹ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi yangí. Lóòótọ́, pátákò màlúù a máa tẹ ilẹ̀ pa, iná ọdọọdún a sì máa jó ewé gbígbẹ tó yẹ kó bo ilẹ̀. Ìwádìí tí onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal ṣe ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn láti 1970 fi hàn pé bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀nù 4 sí 6 ewéko gbígbẹ bo hẹ́kítà kan, ọ̀gbàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan wọ́ lọ. Síbẹ̀, iye ẹran kan náà, iná kan náà, kì í ba ilẹ̀ méjì jẹ́ bákan náà. Ilẹ̀ tó jìn lè fara da àṣìṣe ọdún mẹ́wàá kó tún padà sípò. Ilẹ̀ tínrín kò ní ohun tí yóò fi padà. Ẹran àti iná ló ń fa ìbàjẹ́, jíjìn ilẹ̀ ló ń sọ bí ìbàjẹ́ náà yóò ṣe pọ̀ tó. Èyí kò sọ ilẹ̀ tínrín di ilẹ̀ tí kò wúlò. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn ìlú máa ń kó wá nígbà àtijọ́ fún Aláàfin láti fi bo ààfin ní ọdún Bẹẹrẹ ti fi hàn pé ọ̀dàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí a bá ti mọ ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti 2019 lórí ìdaran ní gbangba ti fòfin de kíkó ẹran káàkiri. Bí ẹran bá sì ti dúró sójú kan, ilẹ̀ tó dúró sí kò ní ìsinmi mọ́ àyàfi tí ènìyàn bá fún un. Nítorí náà, kí a tó sàmì sí pápá kankan ní Afijio, ó yẹ kí wọ́n gún ilẹ̀ rẹ̀ wò láti orí òkè dé etí odò. Iṣẹ́ yìí kò wọ́n: irin gígùn kan, ọkọ́ àti àgbẹ̀ tó mọ ibi tí yangí wà ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ìwé 1962 sì wà láti tọ́ wọn sọ́nà. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní oko ìwádìí ní Ìlọrà, nínú Afijio gan-an. Ibi tó bá jìn ni kí wọ́n gbin koríko sí fún gígé. Ibi tí yangí bá ti sún mọ́ òkè, ọ̀sẹ̀ tí òjò dá ni kí wọ́n fi díwọ̀n iye ẹran rẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí òjò pọ̀, kí wọ́n sì fi òfin lé iná jìnnà sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ná owó sórí ajílẹ̀ àti irúgbìn koríko láìkọ́kọ́ mọ jíjìn ilẹ̀ rẹ̀, owó ìlú ló ń dà sínú ọ̀gbàrá.