Ìbọn Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ọ̀nà Ilé-Ẹjọ́

Òkè mọ́kànlélógójì ni àwọn àgbà Ìdàáṣà ní Benin máa ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ki ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ ọmọ Jagun, ilẹ̀ àpáta tí àwọn baba ńlá wọn sá wọ̀ nígbà tí ogun Dahomey ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí ni títì ńlá tó ti Cotonou bọ̀ sì ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Savalou lọ, tí èkejì gba Ṣábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà, ìlú Oníṣábẹ̀ẹ́, lọ sí Parakou. Ẹ̀ka kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé láàárín ọdún méjì péré ni ìbọn ró lẹ́ẹ̀mejì ní Ṣábẹ̀ẹ́ láàárín ọmọ ogun ìjọba àti àwọn ọmọ ìlú.

Ìdìbò ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí a dì ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹrin 2019, ló bí ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni a gbà láàyè láti díje, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bí 27 ló jáde. Nígbà tí àwọn agbófinró yí ilé Ààrẹ àná, Boni Yayi, ká ní Cadjèhoun ní Cotonou, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dà síta láti dáàbò bò ó, ìbọn dáhùn ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì Oṣù Karùn-ún. Ẹgbẹ́ Amnesty International ka òkú mẹ́rin, ó kéré tán. Ní Oṣù Kẹfà, iná náà ràn dé Tchaourou, ìlú ìbí Yayi, ó sì dé Ṣábẹ̀ẹ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ta ni ará ilé ẹni ju ọmọ ìlú tó dúró lórí títì ìlú rẹ̀ lọ?

Lẹ́yìn àpérò òṣèlú tí ìjọba pè ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn aṣòfin ṣe òfin ìdáríjì fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí ìdìbò yẹn. Inú ọ̀pọ̀ ìdílé dùn, nítorí pé ọmọ wọn ti àtìmọ́lé bọ̀ wálé, èmi náà kò sì lè fi ayọ̀ náà dù wọ́n. Ṣùgbọ́n aṣọ kan náà tí a fi bo ẹni tó sọ òkúta ni a fi bo ẹni tó yìnbọn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kò sì rí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ lọ mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí kò gbẹ́jọ́ rárá?

Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó fi Arusha ní Tanzania ṣe ibùjókòó, wo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kejìlá 2020, nínú ẹjọ́ tí oníṣòwò Sébastien Ajavon pe Benin, ó dájọ́ pé òfin ìdáríjì náà dínà mọ́ àwọn tí a ṣe ní ibi, ó sì pàṣẹ kí ìjọba ṣe ìwádìí kí wọ́n lè rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Àmọ́ ní Oṣù Kẹta ọdún náà gan-an ni Benin ti fi ìwé ránṣẹ́ pé òun kò ní gbà mọ́ kí ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ kankan máa pe òun lẹ́jọ́ tààrà níbẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ yẹn sì múlẹ̀ ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹta 2021.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ pọ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn yẹn tì, ní Ọjọ́bọ̀ 8 Oṣù Kẹrin, ìbọn tún ró ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún márùn-ún tí Talon búra fún ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin 2016 ti pé, ṣùgbọ́n àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti sún un síwájú di 23 Oṣù Karùn-ún; àwọn tí èyí bí nínú sì di títì pa, tí àwọn kámíọ̀n tó ń lọ sí àríwá fi tò gbọọrọ. Àwọn ṣójà wá la ọ̀nà, wọ́n sì yìnbọn. Ènìyàn méjì, ó kéré tán, ló kú, a sì gbé àwọn mìíràn tí ọta ìbọn bà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìjọba ní àwọn kan nínú èrò náà mú ìbọn ọdẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe ọmọ ogun léṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì ní gbangba.

CRIET, ilé-ẹjọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 2018 fún ìpániláyà àti ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀-ajé, ni a kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a mú nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2021 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìbọn ró ní Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ni adájọ́ kan níbẹ̀ sá kúrò nílùú, tó sì wí lórí rédíò pé àwọn olóṣèlú ń fi agbára darí ìdájọ́ òun.

Ní Lekki ní Èkó, níbi tí àwọn ṣójà ti yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága fún gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba, ó sì jíṣẹ́ ní Oṣù Kọkànlá 2021. Ìjọba Èkó kọ apá tó le jù nínú ìjábọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta nínú àwọn tó wà ní Lekki lọ́jọ́ náà gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ yẹn dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, bí kò tilẹ̀ gbà pé a fi ìdí ìpànìyàn múlẹ̀, ó sì ní kí a san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó yẹn kéré. Ṣùgbọ́n a kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìdájọ́. Benin náà wà lábẹ́ ilé-ẹjọ́ Abuja yìí, òfin rẹ̀ kò sì béèrè pé kí olùpẹ̀jọ́ kọ́kọ́ la gbogbo kóòtù ìlú rẹ̀ kọjá kó tó lè dé iwájú rẹ̀.