Pákó, Awọ àti Iná Mànàmáná: Bí Jìtá Oníná Ṣe Wọ Inú Orin Jùjú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun èlò òkèèrè ló ń pa orin ìbílẹ̀ wa, jìtá oníná ni wọ́n sì sábà máa ń nàka sí. Ṣùgbọ́n ìtàn orin jùjú kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Nígbà tí Túndé King ń kọrin ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1939, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú. Ohùn bánjò kò ròkè. Bí ìlù bá pọ̀ jù, yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè wá ọ̀nà àbáyọ. Ó fẹ́ lo ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń so mọ́ ara ohun èlò kí ohùn rẹ̀ lè di ńlá. Bánjò kékeré ló ń ta tẹ́lẹ̀, awọ ni ó sì wà lójú irú bánjò bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ̀rọ náà lè dúró sí lára rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì mú jìtá onípákó. Gbígbọ̀n pákó náà ni ẹ̀rọ ń gbé lọ sínú gbohùngbohùn.

Jìtá oníná gan-an yàtọ̀ sí èyí. George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1931. Pickup rẹ̀ jẹ́ irin òòfà tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀ ìgbà. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè rẹ̀, iná kékeré yóò sáré gba inú wáyà náà lọ. Nítorí náà, kò pọn dandan kí inú igi ṣófo. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gibson fi igi maple tí ara rẹ̀ ń ṣe bí ìgbì omi bo ojú jìtá Les Paul láàárín 1958 sí 1960, ẹwà ni àwòrán inú igi náà wà fún.

Kí ni agbára tuntun yìí ṣe fún wa? Ó fàyè gba ìlù. I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, dá ẹgbẹ́ olórin mẹ́wàá, Morning Star, sílẹ̀ ní ọdún 1957. Òun ni ó di Blue Spots lẹ́yìn náà. Jìtá oníná, gángan, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àkọ́díọ̀nù jọ ń dún, kò sí èyí tó pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́. Ó fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà kọrin, ó sì gba oyè M.B.E. ní ọdún 1963.

Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù mọ̀ pé igi ọmọ̀ nìkan kò lè sọ̀rọ̀. Awọ ni ó ń fún un lóhùn. Bákàrè kúrò lórí awọ lọ sórí pákó, síbẹ̀ ìgbésẹ̀ yẹn ló la ọ̀nà fún awọ láti padà wá, tó sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá àwo I. K. Dáíró gbọ́, kí ẹ ka iye ìlù tí ẹ bá gbọ́ nínú rẹ̀. Ohun èlò àlejò kì í ba ilé jẹ́ bí onílé bá mọ ibi tí yóò fi í sí.