Ìjíròrò Ọ̀fẹ́ ní Mùsíọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Ọnà Ìlú St. Louis

Ìjíròrò ọ̀fẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ni ìpàdé tí wọ́n ń pe ará ìlú sí láìgba kọ́bọ̀, kí onímọ̀ lè sọ̀rọ̀ lórí àwòrán tàbí ère, kí àwọn tó wá gbọ́ sì fèsì. Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa ní mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ ẹ sára òkúta lókè ẹnu ọ̀nà ilé náà pé ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn.

Ọ̀fẹ́ yìí kò ṣàdédé wá. Ní 1874, Halsey Ives bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ènìyàn ní àwòrán yíyà lálẹ́ ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú náà, kò sì gbowó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àti mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ lábẹ́ yunifásítì ọ̀hún ní 1879. Nígbà tí ìpàtẹ àgbáyé ti 1904 kásẹ̀ nílẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù kó lọ sínú ilé ńlá tí Cass Gilbert ṣe ètò kíkọ́ rẹ̀ sórí òkè kan ní Forest Park. Ní 1907, òfin fàyè gba owó orí dúkìá láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́. Ṣé ó tọ́ kí owó ìlú bọ́ sí àpò yunifásítì aládàáni? Ilé ẹjọ́ ní kò tọ́. Bí mùsíọ́ọ̀mù ṣe yapa ní 1909 nìyẹn, tó di ti ìlú. Láti 1971 ni àwọn olùdìbò ìlú àti ti agbègbè tó yí i ká ti gbà láti jọ máa san owó orí náà. Ẹni tó wá gbọ́rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti sanwó tirẹ̀ nílé, kì í kàn ṣe lẹ́nu ọ̀nà ni.

Oríṣi ìjíròrò méjì ló wọ́pọ̀. Ti inú gbọ̀ngàn ni kí olùbánisọ̀rọ̀ dúró níwájú, kí ó máa fi àwòrán hàn lára ògiri, kí ìbéèrè wá gbẹ̀yìn. Èkejì ni kí àwọn ènìyàn dúró yí iṣẹ́ kan ṣoṣo ká níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Èyí ló sàn jù, nítorí ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú kò lè ṣì í.

Àpẹẹrẹ kan ní mùsíọ́ọ̀mù náà ni àwòrán ńlá tí Max Beckmann ará Jámánì yà nípa ọkọ̀ Titanic tó rì ní 1912. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ náà yóò rí i lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn pátá. Àwọn ọkọ̀ kékeré tó kún fọ́fọ́ àti àwọn tó ń jìjàkadì nínú omi ló gba iwájú. Abigail Housen àti Philip Yenawine gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún irú ìjíròrò báyìí, ó sì ti tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni a tún lè rí? Ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí òun ló ń dá ẹni tó ń méfò padà sọ́dọ̀ àwòrán.

Beckmann gan-an kọ́ni ní St. Louis láti 1947 sí 1949. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n pè é sọ̀rọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Missouri ní 1948, ìyàwó rẹ̀, Quappi, ló bá a ka ọ̀rọ̀ náà. Morton D. May, oníṣòwò ìlú náà, kó àwòrán rẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún mùsíọ́ọ̀mù nígbà tó kú ní 1983. Ìdí nìyí tí orúkọ Beckmann kò fi lè ṣàì jẹ yọ níbẹ̀.

Àléébù ètò yìí kò fara sin: ìjíròrò ọ̀sán kò rọrùn fún òṣìṣẹ́. Àmọ́, mùsíọ́ọ̀mù náà máa ń ṣí di alẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ yẹn náà sì ni àwọn àfihàn pàtàkì tí wọ́n ń gbowó fún máa ń di ọ̀fẹ́.