Lẹ́tà Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ Láti Ítálì

Bí ènìyàn bá dárúkọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní yunifásítì, ohun tó sábà máa ń wá síni lọ́kàn ni igi gbígbìn, ọgbà gbígbá àti ọ̀rá tí wọ́n ń ṣà kúrò nínú gọ́tà. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí a bá bojú wẹ̀yìn, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó lágbára jù lọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ṣe fún àyíká orílẹ̀-èdè yìí kò ní ọkọ́ nínú, kò sì ní ìgbálẹ̀ nínú. Lẹ́tà ni wọ́n kọ, láti ìlú Pisa ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1988.

Kí a tó dé orí lẹ́tà náà, ó yẹ kí a mọ ohun tó fà á. Ní oṣù Keje ọdún 1976, májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin tú jáde láti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan nítòsí ìlú Seveso, ní àríwá Ítálì. Ẹran ọ̀sìn kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n kó àwọn ará ìlú kúrò nílé wọn, ìbẹ̀rù sì gba Yúróòpù kan. Àwọn ìjọba ibẹ̀ wá túbọ̀ ń fi òfin de bí ilé iṣẹ́ ṣe ń da pàǹtí olóró nù. Òfin náà dára, àmọ́ ó sọ pípalẹ̀ pàǹtí mọ́ di ohun olówó gọbọi. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ti rí èrè: wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n á sì gbé pàǹtí náà lọ sí ibi tí òfin kò ti múná. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n dojú kọ.

Koko jẹ́ ìlú èbúté kékeré kan lẹ́bàá Odò Benin, ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ìgbà náà, èyí tó ti di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá wá síbẹ̀ láti Ítálì. Ìwọ̀n ẹrù náà sún mọ́ 4,000 tọ́ọ̀nù. Ìwé tí wọ́n fi kó o wọlé kò sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé ará ìlú kan ni wọ́n háyà tí wọ́n tò wọ́n sí, ní 500 náírà lóṣù. Kẹ́míkà PCB àti oríṣiríṣi májèlé mìíràn ló wà nínú àwọn àgbá náà. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n, òmíràn sì ti ń jò. Àwọn kan tilẹ̀ da ohun inú rẹ̀ nù kí wọ́n lè máa pọn omi sínú àgbá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988 gan-an, àjọ OAU ṣe ìpàdé ní Addis Ababa, wọ́n sì kéde pé ìwà ọ̀daràn sí ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni dída pàǹtí olóró síbẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Àṣé ohun tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn kẹ́dùn lé lórí ti wà lẹ́yìnkùlé tiwọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ológun ní ìbọn, ó ní aṣọ́bodè, síbẹ̀ àṣírí náà kò tọwọ́ rẹ̀ tú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni wọ́n rí ohun tí ìwé ìròyìn ibẹ̀ ń sọ nípa ẹrù tí wọ́n ń kó lọ sí ilé wọn. Wọ́n gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ní ọdún 1984, ìjọba ológun ti fi Dìkíríì 4 ju méjì nínú àwọn akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ yìí kan náà, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n.

Ariwo ta. Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan. Ítálì gbà láti kó ẹrù náà padà. Kẹ́míkà jó àwọn kan lára nínú àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó palẹ̀ àwọn àgbá náà mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Karin B kó apá kan rẹ̀ lọ, Sípéènì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ̀ kí ó já ẹrù rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ẹrù tó ti sùn sẹ́yìnkùlé ará Koko fún ọ̀pọ̀ oṣù kò tètè rí èbúté tí yóò gbà á ní Yúróòpù.

Kí ọdún náà tó parí, ìjọba gbé Dìkíríì 42 jáde: ẹnikẹ́ni tó bá kó pàǹtí olóró wọ Nàìjíríà yóò ṣẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, Dìkíríì 58 dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká. Àjọ NESREA ló gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2007. Lágbàáyé, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sórí àdéhùn Basel ní oṣù Kẹta ọdún 1989, àwọn ìjọba Áfíríkà sì ṣe tiwọn ní Bamako ní oṣù Kìíní ọdún 1991. Ọ̀rọ̀ Koko wà lára ohun tó ṣokùnfà àdéhùn méjèèjì.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Koko, “àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ítálì” lásán ni wọ́n ń pe àwọn tó kọ lẹ́tà náà. Kò yẹ kí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ sọnù bí orúkọ wọn ti sọnù. Lónìí, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ àlòkù wọ èbúté Èkó. Wọ́n á sun wáyà rẹ̀ láti yọ bàbà, àwọn ọmọdé á sì máa fa èéfín rẹ̀ símú. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa gbin igi, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, àwọn kan ń kọ́ òfin, àwọn kan sì ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n lè ka ìwé ẹrù, wọ́n lè yẹ omi kànga wò, wọ́n sì lè kọ ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Igi tí wọ́n ń gbìn pàápàá, inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ. Ó yẹ kí ẹnìkan bèèrè ohun tí wọ́n ti rì mọ́ ibẹ̀.