Aláìyó: Orúkọ Yorùbá Nínú Eré Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 1959, ni A Raisin in the Sun kọ́kọ́ gun orí ìtàgé Ethel Barrymore ní New York. Lorraine Hansberry tó kọ ọ́ ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí eré rẹ̀ dé Broadway. Nínú eré náà, Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá, sọ Beneatha ní ‘Alaiyo’: ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Oríyìn ni lẹ́nu rẹ̀. Ní etí tiwa, aláìyó kò jìnnà sí wọ̀bìà!

Wọ́n tún ṣe eré náà níbẹ̀ ní ọdún 2014. Òǹwòran New York lè má fura sí ohùn orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Kétu, bí òṣèré bá pè é ní Aláyọ̀, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ pé orúkọ ti yí padà.