Àtẹ́rígbà
Àtẹ́rígbà ni igi tàbí kọnkéré tó dábùú lórí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé, tó ń gbé ògiri òkè. Igi líle ni ti ilé alámọ̀. Ti ilé búlọ́ọ̀kù jẹ́ kọnkéré tó ní irin nínú. Bí ẹrù bá tẹ́ lé e dọ́gba, ògiri ọ̀tún àti tòsì á pín in ní ìdajì-ìdajì, ṣùgbọ́n àárín ló ti ń tẹ̀ jù. Ibí yìí ló gba àfiyèsí: bí ẹnu ọ̀nà mítà 1 bá di mítà 2, tí ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan kò yí padà, ẹrù tí ògiri ọ̀tún àti tòsì ń gbé di ìlọ́po 2, agbára tó ń tẹ àárín di ìlọ́po 4! Ìsàlẹ̀ àtẹ́rígbà ló ń nà, kọnkéré kò sì lè fara da nínà. Ẹ rí i pé bíríkìlà to irin síbẹ̀.