Windows tàbí SteamOS: Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré àfọwọ́mú tí wọ́n fi ń gbá géèmù lónìí, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bá pàdé ni pé: ṣé Windows ni yóò máa darí rẹ̀ ni, àbí SteamOS?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀. Ní 2012, Gabe Newell, ọ̀gá Valve tó ń ta géèmù lórí Steam, sọ ní gbangba pé àjálù ni Windows 8. Ìbẹ̀rù rẹ̀ yé wa: ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń pàtẹ sí. Ni Valve bá gbé SteamOS tirẹ̀ jáde ní ìparí 2013, lórí Linux. Àwọn ẹ̀rọ Steam Machine tó lò ó dé ọjà ní 2015, wọn ò tà. Èdè Windows nìkan ni ọ̀pọ̀ géèmù gbọ́.

Ní 2018 ni Proton dé. Ògbufọ̀ gan-an ni: géèmù ń sọ èdè Windows, Proton ń túmọ̀ rẹ̀ fún Linux lójú ẹsẹ̀, ẹni tó kọ géèmù kò ní tún un kọ. Òun ni Steam Deck gùn lé ní 2022. Lójú tiwa, ògbufọ̀ yìí ló ta ọjà náà ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

ROG Ally ti ASUS mú Windows 11 wá ní 2023. Ó lágbára, àmọ́ ojú Windows tí wọ́n ṣe fún mọ́òsì ni ìka ń wá kiri lórí gíláàsì ínǹṣì 7. Ní 2025, Lenovo ta Legion Go S pẹ̀lú SteamOS.

Síbẹ̀, Fortnite kò ṣiṣẹ́ lórí SteamOS: Epic kò ṣí ẹ̀ṣọ́ tó ń mú oníyànjẹ nínú géèmù náà sílẹ̀ fún Linux. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbá Fortnite, Windows ló máa rà.